Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé súwíìṣì ọkọ̀ àtijọ́ jáde fún àtúnṣe

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ṣì ń wa Ìjàpá (Volkswagen Beetle), Peugeot 504 àti àwọn ọkọ̀ mìíràn tí ọjọ́ orí wọn ti ju ti ọ̀pọ̀ awakọ̀ òde òní lọ, mo kí yín. Ọkùnrin kan wà tí ó ń polówó ara rẹ̀ lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ àtúnṣe súwíìṣì iná iwájú ọkọ̀ àtijọ́ dunjú, tí ó sì tún ń ta èyí tí ó pè ní ojúlówó tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti bá lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì, ẹ kò sì lè fi orúkọ dá a mọ̀. Ọ̀nà tí ó ń gbà lu ènìyàn ní jìbìtì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ìjàpá ọdún 1977 ni ọkọ̀ tèmi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Èkó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Bàbá mi ni ó rà á, èmi ni mo jogún rẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, iná iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú, mo sì ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti tan iná fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bọ́tìnnì tí a ń fà láti tan án a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá tí ó ń bá wa ṣe rìwáyà ní Ìbàdàn láti ayé bàbá mi kò tilẹ̀ mú mítà, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń yẹ wáyà àti iná wò, jáde kí ó tó sọ pé ojú bàbà inú súwíìṣì náà ni ó ti dúdú, pé kí a tú u, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì fún sípíríǹgì rẹ̀ lágbára. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú àwọn kò gbé irú iṣẹ́ wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. "Bí sípíríǹgì yẹn bá fò, ọmọ mi, o ò ní rí i mọ́ láéláé." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn nìyẹn.

Ọkùnrin tí mo ń wí yìí gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lọ́wọ́ mi ṣáájú, ó ní kí n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tí ó kù bí iṣẹ́ bá parí. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí súwíìṣì náà dé, ara rẹ̀ ń dán gbinrin, ó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi iná lẹ̀ pa, bọ́tìnnì tuntun sì wà lórí rẹ̀. Mo béèrè bọ́tìnnì tèmi, ó ní ó ti fọ́, pé òun kàn fi tuntun ta mí lọ́rẹ ni. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ti fi fídíò ránṣẹ́ ṣáájú, nínú èyí tí ó fi ẹnu mítà kan ẹsẹ̀ súwíìṣì tí a kọ 30 sí àti èyí tí a kọ 56 sí, ó fa bọ́tìnnì, mítà sì ké fíìn. Fídíò yẹn ni ó mú kí n san owó tí ó kù láìjanpata.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí igbe mítà yìí, nítorí òun gan-an ni ìdẹ. Ẹsẹ̀ 30 ni iná bátìrì ń gbà wọlé nínú ọkọ̀ àwọn ará Jámánì, 56 ni ó ń gbà jáde lọ sí iná iwájú, 58 sì jẹ́ ti iná kékeré àti ti ẹ̀yìn. Bí mítà bá ń ké láàárín 30 àti 56, ohun kan ṣoṣo tí ó sọ fún wa ni pé ọ̀nà wà. Kò sọ bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó. Iná tí mítà ń rán kọjá kéré gan-an, tí ó fi jẹ́ pé fọ́nrán wáyà kan ṣoṣo tí ó tín-ín-rín bí irun orí yóò mú un ké dáadáa. Gílóòbù iná iwájú Ìjàpá tèmi ńkọ́? Wáàtì 45 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí iná gíga, méjèèjì jẹ́ 90, èyí tí ó tó ámpù méje àti ààbọ̀ lórí bátìrì fóólìtì 12, gbogbo rẹ̀ sì ni ó ń gba inú súwíìṣì kọjá, nítorí rílè tí ó ń yí iná gíga sí kékeré, ẹ̀yìn súwíìṣì ni ó wà. Ẹni tí ó bá ń fi igbe mítà han yín dà bí ẹni tí ó fi ọmọdé kan gba orí afárá kọjá, tí ó wá ní kí ẹ fi tírélà gba ibẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta tí mo dá súwíìṣì náà padà sínú ọkọ̀, mo ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, òórùn ike tí ń jó sì gba inú ọkọ̀ kan. Kí n tó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, iná iwájú méjèèjì ti kú pátápátá, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì wà lẹ́yìn mi. Ọlọ́run ló yọ mí. Fíúsì kankan kò já, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín jẹ pé súwíìṣì kọ́ ló fà á: ooru tí ó ń wá láti ojú bàbà tí kò pàdé dáadáa kò mú kí iná tí ń kọjá pọ̀ sí i, nítorí náà fíúsì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Bí ìdínà ibẹ̀ bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohm (ohm ni a fi ń wọn ìdínà iná) péré, ó lé ní wáàtì márùn-ún tí yóò máa di ooru nínú súwíìṣì. Wáàtì márùn-ún ni iná kékeré tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ wá fojú inú wò ó bí ẹ bá ti irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ bọ inú páálí ìṣáná, tí ẹ tàn án, tí ẹ sì pa páálí náà dé.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo fi ṣúkúdíráfà kékeré ṣí etí irin tí ó di ìdí súwíìṣì náà mú. Àpótí òde jẹ́ tèmi lóòótọ́, nítorí àmì ọ̀dà pupa tí Bàbá Rìwáyà fi sí i láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni kì í ṣe tèmi. Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì ìdí sípíkà rédíò kan tí ó ti bàjẹ́, mo sún un mọ́ irin pẹlẹbẹ tí ó yẹ kí ó jẹ́ bàbà, ó sì fò mọ́ ọn pàrà. Bàbà kì í lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, idẹ náà kì í lẹ̀ mọ́ ọn; sípíríǹgì àti àpótí òde nìkan ni ó yẹ kí ó fà. Páànù ni ọkùnrin yìí gé, tí ó fi nǹkan aláwọ̀ bàbà bò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ibi tí ó ti ń sún sẹ́yìn sún síwájú sì ti hó láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí dúdú yọ lábẹ́ rẹ̀. Irin ń dí iná lọ́nà ní ìlọ́po bíi mẹ́fà ju bàbà pupa lọ, ó sì tún máa ń pẹtà. Gírísì tí ó kún inú rẹ̀ bámúbámú, kí ojú má bàa tètè rí ìṣẹ́kúṣẹ̀ẹ́ ni mo rò pé wọ́n fi í sí.

Ibo wá ni inú súwíìṣì mi lọ? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí àwòrán súwíìṣì kan tí ọkùnrin kan náà ń tà lábẹ́ orúkọ mìíràn ní ìlọ́po méjì owó tí mo san. "Ojúlówó láti Jámánì, a kò lò ó rí," ni ó kọ sábẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì tí ó wà lórí rẹ̀ ni bọ́tìnnì tèmi tí ó ní ó ti fọ́: eyín púláyà méjì hàn gedegbe létí rẹ̀, níbi tí bàbá mi ti fi agídí yí i nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ìyá mi sì bú wọn lọ́jọ́ náà. Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i. Kò fèsì, ó kàn dí nọ́ńbà mi pa ni. Ẹnì kan tí ó ní 504, tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, sọ pé irú rẹ̀ gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí súwíìṣì tí òun náà fi ránṣẹ́, pé àpótí tòun padà dé, inú rẹ̀ kò bá a dé.

Nítorí náà, bí ó bá di dandan kí ẹ gbé súwíìṣì yín fún àjèjì, ẹ kọ́kọ́ ṣí i fúnra yín, ẹ ya àwòrán inú rẹ̀ láti sún mọ́, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ ha àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ bàbà rẹ̀, níbi tí kò ti ń fara kan nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ ti ya àwòrán. Ẹni tí ó bá bínú sí èyí kò yẹ ní ẹni tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún. Nígbà tí ó bá padà dé, ẹ má ṣe tíì dá dáṣíbọ́ọ̀dù padà. Ẹ so wáyà mọ́ ọn, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ wá fi mítà wọn fóólìtì tí ó ń sọnù láàárín ẹsẹ̀ 30 àti 56 nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́. Kò yẹ kí ó ju 0.2 lọ. Ti èyí tí ó jó mọ́ mi lọ́wọ́ ti lé ní 1 nígbà tí mo padà wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí iná náà wà ní títàn fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn súwíìṣì náà.

Ní ti àwọn tí ó ń pè ní ojúlówó, nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Lóòótọ́, 941 531 máa ń wà nínú nọ́ńbà súwíìṣì iná iwájú Volkswagen, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè gé páànù lè tẹ nọ́ńbà. N kò bá ẹni tí ó ń ta àdàkọ jà bí ó bá pè é ní àdàkọ. Wọ́n ṣe Ìjàpá ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Fusca, títí di 1986, wọ́n sì tún dá a padà láti 1993 sí 1996. Ilẹ̀ Mexico kò dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di 2003. Ohun èlò tí kò ti Jámánì wá lè dára púpọ̀, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti parọ́ ibi tí ó ti wá.

Bàbá Rìwáyà ti bá mi rí súwíìṣì lára Ìjàpá kan tí ó ti dẹnu kọlẹ̀, èmi ni mo tú u, àwọn ni wọ́n jókòó tì mí tí wọ́n ń darí ọwọ́ mi. Wọn kò jẹ́ kí n fi pépà ìfági kàn án, nítorí ọ̀pọ̀ ojú bàbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Aṣọ àti sípíríìtì ni a fi nù ún. Fóólìtì 0.08 péré ni ó ń sọnù nínú rẹ̀ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ra súwíìṣì Ìjàpá tí eyín púláyà méjì wà létí bọ́tìnnì rẹ̀, kí onítọ̀hún jọ̀wọ́ tú u wò kí ó tó fi rin ìrìn alẹ́. Bí ó bá jẹ́ bàbà tèmi ni ó bá nínú rẹ̀, oríire rẹ̀ ni, kí ó máa lò ó. Bọ́tìnnì bàbá mi nìkan ni kí ó bá mi fi pamọ́.