Deco M4 nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ibi tí a gbé e sí ló ń pinnu bí yóò ṣe ṣiṣẹ́

Deco M4 mẹ́ta inú páálí kan, ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ TP-Link ń ṣe, tí wọ́n jọ ń tan Wi-Fi káàkiri ilé, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ẹ̀sùn tí mo sábà ń gbọ́ nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, pé Wi-Fi rẹ̀ ń wá, ó ń lọ, kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹ̀bi ẹ̀rọ. Nínú ilé wa n'Íbàdàn, ẹni tó bá wa tò ó gbé àkọ́kọ́, èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, ó gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó sì gbé ẹ̀kẹta sí yàrá òkè tó jìnnà jù, níbi tí Wi-Fi kì í dé rárá tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ òkè kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ti ara rẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ láti ìsàlẹ̀ ló ń tún sọ. Iná ara rẹ̀ yóò ṣì máa tan àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé wọ́n ti so mọ́ra, kì í ṣe pé ìsopọ̀ náà lágbára. Inú áàpù Deco ni kí ẹ ti wo agbára rẹ̀.

Báńdì, ìyẹn ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà lójú afẹ́fẹ́, méjì péré ni M4 ní: 2.4 GHz, tí wọ́n kọ iyára 300 Mbps fún, àti 5 GHz, tí wọ́n kọ 867 Mbps fún. Kò ní ẹ̀kẹta tó dá wà fún àwọn ẹ̀rọ náà láàrin ara wọn, nítorí náà ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n àti fóònù yín jọ ń gbà, iyára sì lè dín kù dé ìdajì lọ́dọ̀ èyí tí kò ní wáyà. 5 GHz kì í sì la kọnkéré kọjá dáadáa. Ìdí nìyí tí òkè àtẹ̀gùn fi dára ju yàrá ìkángun lọ, torí ibẹ̀ nìkan ni kọnkéré kò ti dí àárín ilẹ̀ àti òkè. Nígbà tí a gbé ẹ̀kẹta síbẹ̀, tí a sì yọ àkọ́kọ́ kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba fídíò láìdúró.

Ẹ kọ́kọ́ dán iyára wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àkọ́kọ́: bó bá lọ́ra níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ni ẹjọ́ wà, kò sí bí ẹ ṣe lè gbé ẹ̀rọ káàkiri tí yóò tún un ṣe. Ẹ pa Wi-Fi ti ráútà àtijọ́, kí fóònù má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun mìíràn tí a kì í rò ni iná: bí àkọ́kọ́ bá wà lórí inverter, tí èkejì sì wà lórí iná NEPA, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná ni apá kan ilé yóò pàdánù Wi-Fi.

Ihò wáyà gigabit (tó lè gbé iyára tó 1,000 Mbps) méjì ló wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lè fa wáyà dé òkè, kí ó ra M4 láìmikàn. Ẹni tí kò bá lè fà á, tí ilé rẹ̀ sì tóbi, kí ó fowó kún un, kí ó ra èyí tó ní báńdì mẹ́ta.