zstd nínú zram: ohun tí mo rí lórí láàptọ́ọ̀pù RAM 4 GB

Bí ẹ bá ń lo Linux lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kò pọ̀, zstd, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí a fi ń fún dàtà pọ̀ kó lè kéré, ni kí ẹ fi sínú zram. Mo ti lo òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, lzo-rle àti lz4, lórí láàptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ tó ṣì ń lo háàdì dísìkì, mi ò sì ní padà sẹ́yìn mọ́.

Inú RAM fúnra rẹ̀ ni zram ti ń ṣiṣẹ́. Dàtà tí a kò lò lọ́wọ́, kernel (ọkàn Linux) á fún un pọ̀ síbẹ̀ dípò kó lọ dà á sórí dísìkì. Láti Linux 5.1 ni lzo-rle ti ń bá a wá. Yann Collet tó kọ lz4 náà ló kọ zstd, tí Facebook gbé jáde ní 2016.

Wọ́n á ní lz4 yára ju zstd lọ. Òótọ́ ni, ó fi í sílẹ̀ dáadáa. Àmọ́ kí ni zstd ń bá díje lórí ẹ̀rọ bíi tèmi? Dísìkì ni. Ojú-ìwé RAM kan (ẹyọ tí kernel fi ń pín RAM) jẹ́ báìtì 4096. Ìwọ̀nba microsecond ni zstd fi ń tú u. Kí háàdì dísìkì tó wá a kàn, ó lè gbà tó millisecond 10. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan tí zstd bá gbà mọ́ inú RAM, èrè gidi ni.

Ẹ wo fáìlì mm_stat nínú /sys/block/zram0. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bí dàtà ṣe tó tẹ́lẹ̀, ìkejì ni bó ṣe kù lẹ́yìn tí a fún un pọ̀. Lọ́dọ̀ mi, lz4 máa ń sọ ọ́ di nǹkan bí ìdajì. Zstd á sọ ọ́ di ìdámẹ́ta. Nígbà tí mo ń lo lz4, bí mo bá ṣí Firefox pẹ̀lú LibreOffice, iná dísìkì á máa ṣẹ́jú, máọ̀sì á sì dúró gbagidi. Mi ò rí ìyẹn mọ́.

Zstd máa ń lo CPU jù wọ́n lọ ṣá, fáànù mi sì ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí RAM rẹ̀ pọ̀, tó sì ní SSD tó yára, lz4 tó o.

Nínú /sys/block/zram0 yẹn náà, kí ẹ tó kọ disksize (bí zram ṣe máa tóbi tó) ni kí ẹ ti kọ zstd sínú comp_algorithm (fáìlì tí a fi ń yan ọ̀nà ìfúnpọ̀). Bí zram bá ti ń ṣiṣẹ́, “Device or resource busy” ni kernel á dá yín lóhùn. Ẹ ṣe swapoff (àṣẹ tó ń dá lílo zram dúró), kí ẹ kọ 1 sínú fáìlì reset, kí ẹ tó tún un ṣe.