Ẹgbẹ́ ìtọ́jú ọkàn tí mo fi ọmọ mi sí: ó dáa, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó

Ẹ̀yin òbí tá a jọ wà ní Maryland, ẹ ti ń bi mí nípa ẹgbẹ́ tí ọmọ mi ọkùnrin ń lọ, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kó ìdààmú ọkàn bá. Ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Prince George's County ló ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n, olùdámọ̀ràn méjì ló ń bójú tó wọn, aláwọ̀ dúdú sì làwọn méjèèjì. Kì í ṣe ilé wèrè o, kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀.

Olùkọ́ kan ló sọ fún ọmọ mi lójú gbogbo kíláàsì pé àròkọ tó kọ ti dáa jù, pé ta ló bá a kọ ọ́. Àtìgbà yẹn ni inú ti ń run ún láràárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ní kó gbàdúrà, kó sì tẹra mọ́wèé. Ó gbàdúrà, ó kàwé, inú ṣì ń run ún.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọn kì í wàásù fún àwọn ọmọ, ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwa òbí, ọmọbìnrin kan ṣe bíi sẹkiúrítì ṣọ́ọ̀bù, ó ń tẹ̀ lé ọmọ mi kiri láàárín àga. Olùdámọ̀ràn ní kí wọ́n dúró. “Láti orí oókan dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe ká ẹ lára tó?” Ọmọ mi ní méje. “Ibo ló ti ń ṣe ẹ́?” Ó gbọ́wọ́ lé ikùn. “Kí lò ń sọ fún ara ẹ báyìí?” Ó ní, “Pé kí n tètè jáde kí wọ́n tó pe ọlọ́pàá.” Wọ́n ní kó mí sínú, kó rọra mí síta, wọ́n tún bi í ní nọ́ńbà. Mẹ́rin. Ìgbà náà ni gbogbo wọn wá jọ ń wá ohun tó lè sọ fún sẹkiúrítì náà láìbínú, láìsá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Howard Stevenson ti University of Pennsylvania ló ń kọ́ni ní ọgbọ́n yìí.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn ni àwọn ọmọ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ àròkọ yẹn, àwọn mélòó kan ní irú rẹ̀ ti ṣe àwọn náà rí. Ọ̀kan kọ́ ọ pé kó máa kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sórí Google Docs, kí ọjọ́ àti wákàtí tó kọ ọ́ lè wà níbẹ̀. Èmi ìyá rẹ̀ ò lè ronú kan ìyẹn láé.

Ibi tó kù sí rèé. Wọ́n kó ọmọ ọdún 13 pọ̀ mọ́ ti ọdún 17. Àwọn àgbà ń sọ bí ọlọ́pàá ṣe dá mọ́tò wọn dúró, àwọn kékeré ń wò ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ oko ẹrú dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi ní àwọn aláwọ̀ dúdú ẹlẹgbẹ́ òun gan-an ń fi orúkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sáré kọjá lórí ẹ̀. Ní àdúgbò tí ọmọ Nàìjíríà àti Cameroon kún bámúbámú! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì pe òbí.

Ní ti owó, ẹ pe ínṣọ́ránsì yín kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń san 90853, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń kọ owó ìtọ́jú ẹlẹ́gbẹ́. 20 dọ́là ló ń jáde lápò mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì retí pé wọ́n á máa ròyìn ọmọ yín fún yín, àfi tó bá fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì lára, tàbí tí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ẹ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún. Èyí tó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú nínú àwọn ọmọ yín, ẹ má fi í dúró de ẹgbẹ́ kankan. 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni kẹ́ ẹ pè, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e.