Ẹ̀rọ ni omele rẹ̀: bí mo ṣe gbọ́ àwo Inspiration Information ti Shuggie Otis

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ra síídì Inspiration Information, àwo Shuggie Otis, onígìtá ará Amẹ́ríkà, kò sì sí oṣù kan tó kọjá tí n kò gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Tí mo bá ti jókòó láti kọ ọ́, màá ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ẹyọ kan ná, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ mi níbẹ̀. Lálẹ́ òní mo ti pa ẹ̀rọ.

Kíbọ́ọ̀dù ni mo ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà èwe mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí onílù wa kò bá wá, màá tẹ bọ́tìnì tó máa ń jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù lu ìlù fúnra rẹ̀, inú mi kì í sì í dùn sí i rárá. Ìlù yẹn kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Màmá tó ń jó bọ̀ níwájú pẹpẹ lè pa ẹsẹ̀ dà, kò kàn án. Akọrin lè fẹ́ fa ohùn gùn díẹ̀, kò ní dúró dè é. Òkú ìlù ni mo máa ń pè é. Èrò yẹn ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo kọ́kọ́ fi àwo yìí sí etí, kò sì tó ìdajì wákàtí tó fi gbà á lọ́wọ́ mi.

Los Angeles ni wọ́n ti bí Shuggie Otis ní 1953. Johnny Otis, olórí ẹgbẹ́ olórin tó lókìkí, ni bàbá rẹ̀: ọmọ àwọn Gíríìkì tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà ni, àmọ́ àárín àwọn aláwọ̀ dúdú ló yàn láti gbé, orin wọn ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Inú orin ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ti ẹni tó ń wọ ilé ọtí tó fi ń ta gìtá níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Awò dúdú ló máa ń fi bojú kí wọ́n lè rò pé àgbà ni. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó ta béèsì nínú orin kan lórí Hot Rats, àwo Frank Zappa, olórin rọ́ọ̀kì, ní 1969. Ní 1971 ó gbé àwo Freedom Flight jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wọ sítúdíò lọ, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó parí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wo iye iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Orin mẹ́sàn-án ni, òun ló kọ gbogbo wọn. Òun ló ta gìtá, òun ló ta béèsì, òun ló tẹ ọ́gàànù àti dùrù, òun ló lu ìlù. Ibi tí àwọn tó ń fọn fèrè àtàwọn tó ń ta fayolíìnì ti wọlé, òun náà ló kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí àwo náà jáde ní 1974, kò tíì pé ọmọ ọdún 21.

Ẹ̀rọ ìlù ni mo fẹ́ sọ gan-an. Rhythm King ni wọ́n ń pe èyí tó lò, àpótí tí wọ́n ti to oríṣiríṣi ìlù sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbátan bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ mú un wọ orin sóòlù, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà; Sly Stone, olórin fọ́ńkì, ti lo irú rẹ̀ ní 1971. Àmọ́ Shuggie Otis ṣe ohun tí èmi, ọmọ Yorùbá, lóye lójú ẹsẹ̀: ó sọ ẹ̀rọ náà di omele. Ẹni tó bá ti dúró ti onídùndún rí mọ̀ pé omele kì í sọ̀rọ̀. Ohùn kan náà ló ń lù láti alẹ́ dé àárọ̀, àìyẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì ń fún ìyáàlù láyè láti ki ènìyàn, láti pòwe, láti yà bàrá lọ síbi tó wù ú. Mo ti ń bínú sí omele nítorí pé kò ṣe iṣẹ́ ìyáàlù. Nínú àwo yìí, gìtá àti ọ́gàànù ni ìyáàlù. Ẹ gbọ́ Aht Uh Mi Hed: ẹ̀rọ ń lọ tiki-tiki, kò yí padà, ọ́gàànù ń mí lókè rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, fayolíìnì wá rọra wọlé láti ẹ̀yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ibẹ̀, mo dá a padà ní ìgbà mẹ́rin.

Island Letter ni mo fẹ́ràn jù. Ó gùn tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì kánjú débì kankan. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò ní agbára bíi ti àwọn akọrin sóòlù tó dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan sì máa ń ka ìyẹn sí àbùkù. Lójú tèmi, ohùn tó nípọn ì bá tẹ orin yìí pa. Sparkle City le ju gbogbo wọn lọ, béèsì rẹ̀ á gbé yín dìde, ó kàn pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ni.

Ẹ̀yìn rẹ́kọ́ọ̀dù náà ni àríyànjiyàn wà. Lẹ́yìn Happy House, tí kò tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ ló kù dé òpin. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní kò parí iṣẹ́ ni. N kò gbà. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn onígìtá jùjú ṣe máa ń ta á lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni lanu, kò ní béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Rainy Day jẹ́ gìtá jáàsì tó fẹ̀yìn ti fayolíìnì. Beyoncé mú nínú rẹ̀ ṣe orin ní 2003, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó ti dé etí yín láìmọ̀. Pling! lọ́ra débi pé mo máa ń gbàgbé pé ẹ̀rọ ló ń lùlù níbẹ̀. Àléébù kan tí mo rí ni pé gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 32 lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èèyàn á fẹ́ sí i.

Kò tà. Fọ́ńkì wà nínú rẹ̀, búlúùsì wà níbẹ̀, jáàsì náà wà, orin ẹ̀rọ tí kò tíì ní orúkọ nígbà yẹn sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n tò ó sí. Àwọn Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè é kó wá ta gìtá fún wọn, ó kọ̀ nítorí orin tirẹ̀ ló fẹ́ ṣe. Epic, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, náà jẹ́ kó lọ. Ohun tó dùn mí jù ni ti Strawberry Letter 23, tó ti kọ sórí Freedom Flight: ní 1977 àwọn Brothers Johnson tún un kọ, Quincy Jones ló ṣe kòkáárí rẹ̀, ó sì gba ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ orin R&B ní Amẹ́ríkà. Orin rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ayé, òun fúnra rẹ̀ kò rí àwo gbé jáde.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ̀dà méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀. Ti Luaka Bop, ilé-iṣẹ́ àwo orin tí olórin David Byrne dá sílẹ̀, jáde ní 2001, ó sì fi orin mẹ́rin láti inú Freedom Flight kún un, Strawberry Letter 23 wà lára wọn. Ti 2013 jẹ́ síídì méjì; èkejì, Wings of Love, kún fún orin tó gbà sílẹ̀ lẹ́yìn 1974 tí kò rí ẹni bá a gbé jáde. Ti 2001 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi íapíìsì gbọ́ ọ, nítorí ẹ̀rọ kékeré inú fóònù á gbé béèsì mì.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń lu omele ní ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi XL-30, ọ̀kan nínú àwọn orin tí kò ní ọ̀rọ̀ lórí àwo yìí, sí i létí, n kò sọ nǹkan kan fún un. Ó dorí kodò díẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó ní, "Bọ̀dá, ta ló ń lu omele yìí? Kì í rẹ̀ ẹ́ ni?" Kí n tó dáhùn, ó ti ń fi ìka ọwọ́ ọ̀tún lu ìyáàlù lé e lórí tábìlì.