Churchill War Rooms ní London: ohun tí owó tíkẹ́ẹ̀tì rà àti ohun tí kò rà

Wọ́n ní òru mẹ́ta péré ni Winston Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fi sùn nínú iyàrá tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí fún un lábẹ́ ilẹ̀ Westminster. Kò fẹ́ràn kí ó máa sá wọ ihò bí eku. Tí bọ́ǹbù bá ń bọ́, orí òrùlé ló máa ń fẹ́ gùn lọ wò ó. Síbẹ̀, iyàrá yẹn làwọn èèyàn ń tò lọ wò lójoojúmọ́, tí àgbàlagbà kan sì ń san owó tó lé ní £30 kó tó wọlé. Ṣé ibẹ̀ tó owó náà? Tó bá jẹ́ ti àwọn iyàrá ogun, ìyẹn àwọn iyàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba rẹ̀ ti ń darí ogun, ó tó. Tó bá jẹ́ ti ìtàn Churchill olóṣèlú, ó kù díẹ̀ káàtó, àfi tẹ́ ẹ bá mọ ibi tẹ́ ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn Clive Steps, níbi tí King Charles Street parí sí, tó dojú kọ ọgbà St James's Park. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Westminster ló sún mọ́ ọn jù. Imperial War Museums ló ni ibẹ̀, ohun tó sì ń da ọ̀pọ̀ láàmú nìyẹn: ilé wọn tó wà ní Lambeth, ọ̀fẹ́ ni, ti ibí, owó ni. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì mú aago tẹ́ ẹ fẹ́ wọlé, torí àyè ìsàlẹ̀ kò gba èrò. Ẹni tó bá kàn yọjú lọ́sàn-án Sátidé nínú oṣù Kẹjọ lè dúró lórí ìlà títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó, tàbí kó bá a pé tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ti tán. Aago 9:30 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, torí ọ̀nà tó wà láàárín àwọn iyàrá tóóró, ojú gíláàsì lẹ ó sì dúró sí wo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti ṣíwájú yín débẹ̀, ìpàkọ́ wọn lẹ máa rí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí láti gbọ́ àlàyé wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe kọ̀ ọ́, nítorí ẹni tí kò bá gbọ́ àlàyé kàn máa rí tábìlì, àga àti tẹlifóònù àtijọ́ ni. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀, ó kéré tán.

Àwọn iyàrá ogun gan-an ló dára jù níbẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1939 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ kan gééré kí Gẹ̀ẹ́sì tó kéde ogun sí Jámánì. Ìpàdé 115 ni ìgbìmọ̀ ogun ṣe nínú iyàrá ìpàdé. Ẹ wo àga Churchill dáadáa, ẹ wo apá rẹ̀ méjèèjì níbi téèyàn ń gbé ọwọ́ lé: igi náà ti họ. Èékánná rẹ̀ àti òrùka ọwọ́ rẹ̀ ló họ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Kò sí ìwé ìtàn tó sọ bí ojú ṣe rí ọkùnrin yẹn lọ́dún 1940 bí igi yẹn ṣe sọ ọ́.

Iyàrá máàpù ni kẹ́ ẹ ti lo àsìkò tó pọ̀ jù. Àwọn ọ̀gágun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfuurufú ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru fún ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 1945 ni wọ́n paná, tí wọ́n tilẹ̀kùn, tí wọ́n lọ. Ihò abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ ojú omi lórí Atlantic pọ̀ débi pé ibòmíràn lára máàpù náà ti fẹ́ ya. Nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun náà ni wọ́n ti bá hóró ṣúgà mẹ́ta nínú àpò ìwé, ṣúgà tí ìjọba ń wọ̀n fún aráàlú nígbà ogun, tó fi pa mọ́ tí kò sì rántí mọ́.

Ẹ má ṣe kọjá ilẹ̀kùn kékeré tó dà bíi ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù rò náà nìyẹn, torí ibẹ̀ ni Churchill ti ń bá ààrẹ Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ẹ̀rọ tó ń da ohùn wọn rú kí ọ̀tá má bàa gbọ́ tóbi ju kí wọ́n gbé e wọ ihò yìí lọ. Abẹ́ ilé ìtajà Selfridges ní Oxford Street ni wọ́n gbé e sí, tí wọ́n wá fa wáyà rẹ̀ wá. Aago tó wà lára ògiri náà ń sọ àsìkò London àti ti Washington lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni gbọ̀ngàn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 2005. Oṣù Karùn-ún 1940, ìgbà tó di olórí ìjọba, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ẹ ó bá ogun lọ, ẹ ó dé ikú rẹ̀ ní 1965, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ní 1874 ní ààfin Blenheim. Ẹni tó mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ á gbádùn ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á sọ̀ nù. Ẹ fò dá apá ogun sí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ látibẹ̀. Tábìlì oníná gígùn kan, bíi mítà 15, wà láàárín gbọ̀ngàn, tó to ọdún ayé rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Ẹ fọwọ́ kan ọdún tẹ́ ẹ bá fẹ́, ìwé àti fọ́tò á yọ. Àléébù rẹ̀ ni pé tí ẹlòmíràn bá tẹ àwọn ọjọ́ kan, àwòrán á gba gbogbo tábìlì, ohun tẹ́ ẹ ń kà á sì pòórá.

Apá tó lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti 1900 sí 1939, ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn sì ń sáré kọjá láti lọ wo aṣọ àrán pupa onísíìpù rẹ̀ àti ilẹ̀kùn ilé 10 Downing Street. Ẹni tó rò pé Nàìjíríà nìkan lolóṣèlú ti ń fò láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, kó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Orúkọ Conservative ló fi wọlé aṣòfin fún Oldham ní 1900. Ní 1904 ó kọjá sọ́dọ̀ Liberal. Nígbà tó fi di 1925, ó ti padà sílé. Ó jẹ́ mínísítà tó ń bójú tó ọmọ ogun ojú omi nígbà tí ogun Gallipoli ní Turkey dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1915, ipò sì bọ́. Ó di mínísítà ètò ìnáwó ní 1924, ó so owó pọ́n-ùn padà mọ́ wúrà ní 1925, ọrọ̀ ajé sì jìyà rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1939, ọdún mẹ́wàá ló ti lò láìní ipò kankan, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti kà á sí ẹni àná. Láìmọ èyí, iyàrá ogun kò lè yé èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbò oṣù Keje 1945, tí àwọn aráàlú tó gbà là lé e kúrò, tí wọ́n gbé Attlee, olórí ẹgbẹ́ Labour, wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọ Yorùbá ní láti gbé lọ́wọ́ wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìparí 1905 dé 1908, Churchill ni igbákejì mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso; àsìkò yẹn, ní 1906, ni wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ 1941, tí òun àti Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, ti jọ gbé ìwé jáde pé gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti yan irú ìjọba tó wù wọ́n, Attlee, igbákejì rẹ̀, sọ fún WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní London ní 1925, pé aláwọ̀ dúdú náà wà nínú rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án kò tíì dé ìdajì tí Churchill fi dìde nílé aṣòfin, tó ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ Hitler ni wọ́n ní lọ́kàn. Abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń fi hàn yín yìí ni ìgbìmọ̀ ogun tí Churchill àti Attlee wà nínú rẹ̀ ti ń ṣèpàdé. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú tábìlì ìpàdé, ẹ rántí pé orí àga tó yí i ká làwọn tó dá WASU lóhùn méjì jókòó sí.

Ẹni tí kò ní ju wákàtí kan lọ, kó má fowó rẹ̀ ṣòfò níbẹ̀. Kó rìn dé Parliament Square, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, níbi tí ère Churchill wà láti 1973. Kò ní san kọ́bọ̀. Ère Gandhi, ẹni tó jà fún òmìnira Íńdíà, tí Churchill kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí, wà nínú ọgbà kan náà.