Kíláàsì lọ́yà fáwa olórin ní Wuse 2, owó mi ò ṣòfò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọrin ní Àbújá níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ o. Sátidé méjì ni kíláàsì yìí, ₦15,000 ni mo san, láti Kubwa ni mo sì ti ń lọ. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé lébẹ̀ẹ̀lì kan, iléeṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, fún mi ní kọ́ńtírákìtì lọ́jọ́sí, mo sáìn láì kà á, bí orin mẹ́ta tí mo fi òógùn ojú ṣe ṣe há sí wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ibi tí ojú mi ti là jù ni ìgbà tí lọ́yà ní orin kan ṣoṣo, nǹkan méjì ló wà nínú ẹ̀: orin tẹ́nì kan kọ, àti èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, ẹni tó ni ọ̀kan lè má ni ìkejì rárá! Òfin Copyright ọdún 2022 ní ẹ̀tọ́ orin téèyàn kọ á wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀, ti rẹ́kọ́dù sì jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn tó bá jáde, àwọn ọmọ mi ṣì lè jẹ níbẹ̀ nígbà tí mi ò sí mọ́, èmi tí mo rò pé owó tí wọ́n ń ná fún wa lóde ìnáwó nìkan lowó. Lọ́yà tún ní kéèyàn tó lè gbé ẹ̀tọ́ yẹn fún ẹlòmíì, àfi kó wà nínú ìwé, tẹnu ò tó. Ó fún wa ní split sheet, ìwé tí wọ́n fi ń pín orin, ká kọ ohun tó kan oníbíìtì àti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ ká tó kúrò ní sítúdíò. Tèmi wà nínú báàgì gìtá mi báyìí.

Ó tún sọ̀rọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ rédíò àti hòtẹ́ẹ̀lì fún olórin tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ohun tí ò dùn mọ́ mi: Sátidé àkọ́kọ́, wákàtí kan gbáko la fi dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ fíforúkọ bísínẹ̀ẹ̀sì sílẹ̀ ní CAC sì sáré kọjá, òyìnbó ibẹ̀ tún le díẹ̀.

Béèyàn ṣe lè jáde nínú kọ́ńtírákìtì burúkú, wọ́n ní ká wá sí ọ́fíìsì, owó ìyẹn lọ́tọ̀. Mo lọ. Lọ́yà ka kọ́ńtírákìtì mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ibi tí lébẹ̀ẹ̀lì ti yẹ àdéhùn hàn mí, ó kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n ti dá orin kan padà, a ṣì ń fa méjì tó kù.