Home Guard tàbí ARP: èwo ni kí n bá wọn ṣe?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ tó ń múra bí ayé àtijọ́ láti ṣàfihàn àwọn ará ìlú tó dáàbò bo ilẹ̀ Bìrìtéènì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Home Guard (1940 sí 1944), àwọn ará ìlú tó ń ṣe sójà lẹ́yìn iṣẹ́ wọn, ló ń náni lówó jù: aṣọ sójà onírun àgùntàn tí kòkòrò fẹ́ràn láti jẹ, bàtà ńlá, ìbọn tí kò lè yìn mọ́ tòun tìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ti ARP (Air Raid Precautions), àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò nígbà tí bàálù Jámánì ń ju bọ́ǹbù, fúyẹ́: akoto irin tí wọ́n kọ W síwájú rẹ̀, fèrè, àti kóòtù lásán. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọ ìbòjú gáàsì ayé ìgbà náà o! Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bó bá jẹ́ ìtò ológun lẹ fẹ́, Home Guard ni. Ẹni tówó rẹ̀ ò pọ̀, tàbí obìnrin tó fẹ́ ipò gidi, ARP ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ Nàìjíríà tó wà ní London náà lè wo ibẹ̀: E. I. Ekpenyon, ọmọ ilẹ̀ wa, ṣe iṣẹ́ ARP yìí nígbà ogun náà ní Marylebone, àdúgbò kan ní London.